Aláǹtakùn Tí Wọ́n Ní Ó Pa Ìyá Bàbá Mi

Òórùn koríko gbígbẹ ni mo fi máa ń mọ̀ pé bàbá mi ti dé. Kí wọ́n tó kan ilẹ̀kùn, kí wọ́n tó pe ìyá mi, òórùn náà á ti ṣáájú wọn gba ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé wa ní Ìkòsí wọlé. Ọkọ̀ akẹ́rù ni wọ́n ń wà nígbà náà, iṣu ni wọ́n sì ń kó láti Òkè-Ògùn wá sí ọjà Mile 12 ní Èkó. Koríko ni àwọn àgbẹ̀ máa ń tẹ́ sábẹ́ iṣu kí ara rẹ̀ má baà họ lójú ọ̀nà. Bí ẹrù bá já tán, koríko yẹn á ṣẹ́kù sínú irun bàbá mi, sínú àpò ṣòkòtò wọn, àti sínú bàtà wọn. Ìyá mi, tí wọ́n ń ta ata gbígbẹ nínú ọjà kan náà, á bi wọ́n pé, "Ṣé awakọ̀ ni mo fẹ́ ni àbí màlúù?" Bàbá mi á rẹ́rìn-ín, wọ́n á jókòó sórí àga pákó tó wà lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n á máa gbọn ara wọn.

Ọkùnrin tí kò mọ ẹ̀rù ni gbogbo ènìyàn ka bàbá mi sí. Ìgbà kan wà tí bíréèkì ọkọ̀ wọn já lórí òkè, tí ọmọ ẹ̀yìn ọkọ̀ bẹ́ sílẹ̀, ṣùgbọ́n bàbá mi di ọwọ́ ọkọ̀ mú títí ó fi lọ dúró nínú oko àgbàdo ẹlẹ́ni-ẹlẹ́ni. Síbẹ̀, ohun kan wà tí gbogbo ọjà fi ń ṣe wọ́n ní yẹ̀yẹ́: wọ́n bẹ̀rù aláǹtakùn. Wọn kò jẹ́ fọwọ́ kan koríko abẹ́ iṣu láìjẹ́ pé wọ́n kọ́kọ́ fi ọ̀pá nà án dáadáa. Àwọn alábàárù á máa pariwo pé, "Bàbá, ó ti kú o! Ẹ ti pa á!" Gbogbo ìdí iṣu á sì bú sẹ́rìn-ín. Nílé, àwa ọmọ ni a máa ń wo inú bàtà wọn kí wọ́n tó wọ̀ ọ́. Èmi náà máa ń rẹ́rìn-ín. Mo rò pé bí Ọlọ́run ṣe dá wọn nìyẹn, bí ó ṣe dá ẹlòmíràn tí kò lè jẹ ẹ̀wà.

Àwa méjì péré ni àwọn òbí wa bí, èmi àti bọ̀ọ̀dá mi. Ọdún díẹ̀ ló fi jù mí lọ, nítorí náà, bí ìyá mi kò bá sí nítòsí, n kì í fi "ẹ" bá a sọ̀rọ̀. Ní àsìkò tí mò ń wí yìí, mò ń kọ́ iṣẹ́ irun dídì ní Ketu, òun sì wà ní ọdún tó kẹ́yìn ní yunifásítì, níbi tó ti ń kẹ́kọ̀ọ́ nípa ẹranko. Bàbá mi ti fẹ́ kí ó di dókítà. Nígbà tó ní ẹranko ni òun fẹ́ kọ́, wọ́n ní, "Màlúù náà ń ṣàìsàn, òun náà nílò dókítà." Wọ́n gbà pé ọ̀rọ̀ ti parí síbẹ̀. Kò sí ẹni tó láyà láti sọ fún wọn pé kì í ṣe màlúù ni ọmọ wọn yàn láàyò. Aláǹtakùn ni.

Kì í ṣe aláǹtakùn inú ilé tí gbogbo wa mọ̀, èyí tó ń ta òwú sí kọ̀rọ̀ àjà. Èyí tí bọ̀ọ̀dá mi yàn ń gbé inú ilẹ̀ ní pápá gbígbẹ, níbi tí òjò kì í ti í pọ̀. Ó tóbi tó àtẹ́lẹwọ́ ọmọdé, àwọ̀ rẹ̀ jọ erùpẹ̀, irun sì bo gbogbo ẹsẹ̀ rẹ̀. Bọ̀ọ̀dá mi ní ihò ló máa ń gbẹ́ lọ sísàlẹ̀ láàárín ìdí koríko, á wá fi òwú bo ara ihò náà yíká kí erùpẹ̀ má baà ya dí i. Bí oòrùn bá wọ̀, á jókòó sẹ́nu ihò, á máa retí kòkòrò tí yóò kọjá. Iná ọdẹ á jó pápá kọjá lórí rẹ̀, òun á sì wà nísàlẹ̀ láàyè. Abo rẹ̀ lè lo ọ̀pọ̀ ọdún nínú ihò kan ṣoṣo. Bí bọ̀ọ̀dá mi bá ń sọ ọ́, ojú rẹ̀ á máa tàn bí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ àfẹ́sọ́nà. Mo bi í lọ́jọ́ kan pé ìgbà wo ni a máa lọ tọrọ rẹ̀ lọ́wọ́ àwọn òbí rẹ̀. Ó ju ìrọ̀rí lù mí.

Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn ọdún yẹn, ó lọ sí agbègbè ìlú bàbá mi ní Òkè-Ògùn fún iṣẹ́ ìwádìí tí yóò fi parí ẹ̀kọ́ rẹ̀. Ohun tó sọ nílé ni pé òun fẹ́ lọ wo ẹranko inú pápá, kò sì purọ́. Nígbà tó padà, ètè rẹ̀ ti là nítorí ọyẹ́, àpò rẹ̀ kún fún ike bọ́tà tó ti ṣófo. Erùpẹ̀ wà nínú ike kọ̀ọ̀kan, ihò wẹ́wẹ́ sì wà lára ìdérí rẹ̀. Ó tò wọ́n sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Èmi nìkan ló fi hàn. Mo jẹ́jẹ̀ẹ́ pé n kò ní sọ, inú mi sì dùn pé mo mọ ohun tí àwọn àgbà kò mọ̀.

Bàbá mi ti fi ọkọ̀ wíwà sílẹ̀ nígbà yẹn nítorí ìbàdí tó ń dùn wọ́n. Ìdí iṣu ni wọ́n ń jókòó sí ní Mile 12, tí wọ́n ń bá àwọn tó ni ìsọ̀ iṣu gba ẹrù. Ní ọ̀sán Jímọ̀ọ̀ kan, wọ́n ti mọ́ṣáláṣí dé, wọ́n ń wá bátìrì rédíò wọn tó yí wọ abẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Igbe tí wọ́n ké lọ́jọ́ náà, àwọn ará ilé wa láti yàrá àkọ́kọ́ dé èyí tó kẹ́yìn ló jáde síta. Ìdérí ike kan ti ṣí lọ́wọ́ wọn. Wọ́n sá jáde láìwọ bàtà, wọ́n fẹ̀yìn ti ògiri àgbàlá.

"Ta ló gbé ikú wọ ilé mi?"

Bọ̀ọ̀dá mi ti dọ̀bálẹ̀. "Bàbá, ẹ má bínú. Tèmi ni. Iṣẹ́ ìwé mi ni."

"Iṣẹ́ ìwé? Aláǹtakùn ni iṣẹ́ ìwé?"

Ìyá mi bu omi tútù fún wọn. Nígbà tí wọ́n mu ún tán tí àwọn aládùúgbò sì ti padà sí yàrá wọn, wọ́n wo àwa méjèèjì, wọ́n ní, "Ẹ̀yin rò pé yẹ̀yẹ́ ni mo ń fi ara mi ṣe láti ọjọ́ yìí. Aláǹtakùn yẹn gan-an ló pa ìyá mi."

A mọ̀ pé ìyá wọn kú nígbà tí wọ́n wà ní kékeré, ṣùgbọ́n wọn kò sọ ohun tó pa wọ́n fún wa rí. Ìyá mi pàápàá kò gbọ́ ọ rí.

"Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn bí èyí ni," ni bàbá mi wí. "Èmi àti ìyá mi nìkan la lọ sí pápá láti gé bẹẹrẹ, koríko tí a fi ń bo òrùlé. Wọ́n ń gé e, èmi ń dì í lẹ́yìn wọn. Wọ́n ṣàdédé kígbe, wọ́n di ẹsẹ̀ mú. Bí mo ṣe wolẹ̀, mo rí i tó ń sá lọ, onírun, bó ṣe rí nínú ike yẹn gẹ́lẹ́. Mo fi òkúta pa á. Ìyá mi fọwọ́ ti èjìká mi, a rìn délé. Àwọn ará ilé ń béèrè ohun tó ṣẹlẹ̀, ìrora kò jẹ́ kí ìyá mi lè fọhùn, èmi ni mo sọ. Bàbá kan wà ní òdìkejì ọ̀nà tó mọ oògùn ejò. Kò sí ẹni tí wọ́n gbé dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ lásìkò tó kú. Ó sáré wá. Ó bi mí pé, 'Ṣé kì í ṣe ejò?' Mo ní, 'Rárá, aláǹtakùn ni.' Ó tún bi mí. Mo ní, 'Mo fojú mi rí i.' Ó ní òun kò ní oògùn aláǹtakùn, ó padà sílé rẹ̀. Ẹsẹ̀ ìyá mi wú dé itan. Ẹ̀jẹ̀ ń yọ ní erìgì wọn. Ilẹ̀ kò mọ́ bá wọn."

Wọ́n ní kí bọ̀ọ̀dá mi kó ẹrù rẹ̀ jáde nínú ilé kí oòrùn tó wọ̀. Ìyá mi ló bá a bẹ̀bẹ̀, pé ìdánwò kù sí dẹ̀dẹ̀, pé ọdún tó ti fi kàwé kò gbọdọ̀ já sófo. Níkẹyìn, bàbá mi gbà kí àwọn ike náà wà nínú búkà pákó ẹ̀yìn ilé, kí a sì ti ilẹ̀kùn rẹ̀ pa, títí iṣẹ́ náà yóò fi parí.

Bí ọ̀rọ̀ bá mọ síbẹ̀ ni, n kò ní máa sọ ọ́ lónìí. Ṣùgbọ́n bọ̀ọ̀dá mi fẹ́ràn bàbá wa. Kò sí ohun mìíràn tó fa ohun tó ṣe. "Ó ń dùn mí," ló sọ fún mi, "pé ènìyàn bíi Bàbá ń gbé ẹ̀rù tí kò nídìí kiri títí di ọjọ́ ogbó. Aláǹtakùn yìí kò lè pa ènìyàn. Ó ti bù mí jẹ nínú pápá. Bí ìgbà tí oyin ta mí ni." Mo ní kí ó lọ ṣàlàyé fún wọn. Ó gbìyànjú, bàbá mi kò fẹ́ gbọ́. Ìyá mi kìlọ̀ fún un pé, "Ẹni tí ejò bá ti bù ṣán rí, bó bá rí ekòló, á sá. Fi bàbá rẹ sílẹ̀." Òwe lásán ni a pè é. Kò sí ẹnì kankan nínú wa tó gbọ́ ejò tó wà nínú rẹ̀.

Ọ̀sán ọjọ́ ìsinmi kan ni. Gbogbo wa wà ní àgbàlá. Ìyá mi ń sá ata sórí àpò, èmi ń fọ aṣọ, bàbá mi sì jókòó sábẹ́ ìbòòji ògiri. Bọ̀ọ̀dá mi jáde láti ẹ̀yìn ilé, ó di ọwọ́ kan mọ́ èkejì bí ẹni tó bu omi. Ó dúró síbi tó jìnnà díẹ̀, ó ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sá. Ẹ wò mí." Ó la ọwọ́ rẹ̀. Aláǹtakùn náà wà lórí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni nínú wa tó lè sọ̀rọ̀, ó fi ìka tẹ̀ ẹ́ lẹ́yìn. Mo rí i tí ojú rẹ̀ fún pọ̀. Ó ti bù ú jẹ.

Bàbá mi, tí ìbàdí ń dùn, tí kì í yára dìde, fò dìde. Wọn kò sá lọ. Ọ̀dọ̀ ọmọ wọn ni wọ́n sá lọ. Wọ́n fi ọwọ́ ara wọn gbá aláǹtakùn náà dànù, ọwọ́ kan náà tí kò jẹ́ kan koríko láìsí ọ̀pá. Wọ́n já gèlè lórí ìyá mi, wọ́n fi dì í lápá pinpin. "Ẹ pe kẹ̀kẹ́! Ẹ pe kẹ̀kẹ́ wá! Ọlọ́run, má gba eléyìí náà lọ́wọ́ mi!" N kò gbọ́ irú ohùn bẹ́ẹ̀ lẹ́nu wọn rí.

"Bàbá, ẹ fọkàn balẹ̀," ni bọ̀ọ̀dá mi ń wí. "Kò ṣe mí ní nǹkan kan. Ẹ jókòó tì mí. Ẹ jẹ́ ká jọ máa wò ó."

Wọ́n di ọwọ́ rẹ̀ mú, wọ́n jókòó tì í. A dúró. Ìdí àtàǹpàkò rẹ̀ wú díẹ̀, ó pọ́n. Ìyá mi ń ṣàdúrà lábẹ́ ẹnu. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, bọ̀ọ̀dá mi tú gèlè náà kúrò lápá, ó ní ebi ń pa òun. Mo gbé ẹ̀bà wá, ó fi ọwọ́ tí aláǹtakùn bù jẹ gan-an jẹ ẹ́ tán, ó sì lá ọwọ́. Nígbà tí wọ́n fi pe ìrun Àsárì, wíwú náà ti ń lọ sílẹ̀. Ìyá mi bú sẹ́rìn-ín, wọ́n sì tún gbá a létí díẹ̀. Bàbá mi náà ń rẹ́rìn-ín, omi ń ṣàn lójú wọn. Mo ń ṣe àtẹ́wọ́. Lójú mi, kò sí ọlọ́gbọ́n tó bọ̀ọ̀dá mi ní gbogbo agbègbè wa, Kosofe.

Ẹ̀rín bàbá mi ló kọ́kọ́ dáwọ́ dúró. Wọ́n wo ọwọ́ bọ̀ọ̀dá mi títí.

"Tí èyí kò bá lè pa ènìyàn," ni wọ́n wí, "kí ló wá pa ìyá mi?"

Inú bọ̀ọ̀dá mi ṣì ń dùn. Bí akẹ́kọ̀ọ́ tí olùkọ́ bi ní ìbéèrè tó mọ̀ ló ṣe dáhùn. "Ejò ni, Bàbá. Paramọ́lẹ̀ ni yóò jẹ́ tàbí irú rẹ̀. Ẹsẹ̀ tó wú dé itan, ẹ̀jẹ̀ tó ń yọ ní erìgì, oró ejò ló ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ejò náà á ti bù wọ́n jẹ, á ti fà sẹ́yìn sínú koríko. Aláǹtakùn yẹn kàn ń sá fún ariwo ni. Òun lẹ rí."

Wọ́n mi orí. Wọ́n rọra fi ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀ bí ẹni tó ń gbé abọ́ kalẹ̀.

"Bàbá olóògùn ejò bi mí," ni wọ́n wí. "Ó bi mí lẹ́ẹ̀mejì."

Ìgbà náà ni bọ̀ọ̀dá mi tó mọ ohun tí ẹnu òun ti sọ. Mo rí i lójú rẹ̀. Ẹyin lohùn, bí ó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Ó kúnlẹ̀, ó ní bóyá òun ṣì í, pé oríṣiríṣi aláǹtakùn ló wà, pé ti ayé àtijọ́ lè ní oró ju ti ìsinsìnyí lọ. Bàbá mi gbé e dìde. "Má fi irọ́ bẹ̀ mí," ni wọ́n wí. "Òótọ́ ni mo ní kí o lọ kọ́. O sì kọ́ ọ dáadáa." Wọ́n wọlé lọ kírun.

Wọn kò bínú sí ẹnì kankan. Ì bá sàn kí wọ́n bínú. Wọn kò tan rédíò mọ́. Bí a bá bá wọn sọ̀rọ̀, wọ́n á dáhùn, ṣùgbọ́n á dà bí ẹni pé ibi tó jìnnà ni ohùn wọn ti ń bọ̀. Ní Mile 12, wọn kò mú ọ̀pá mọ́. Ọwọ́ lásán ni wọ́n ń tì bọ inú koríko abẹ́ iṣu, títí dé ìgùnpá, wọ́n á sì fi ọwọ́ náà sílẹ̀ síbẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. Àwọn alábàárù tó ń fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́ tẹ́lẹ̀ dákẹ́. Ọ̀kan nínú wọn ló wá bá ìyá mi nídìí ata, ó ní, "Màmá, ẹ bá wa bá Bàbá sọ̀rọ̀. Wọ́n ń ṣe bí ẹni tó ń wá nǹkan tó máa bu àwọn jẹ." Ìyá mi kó ata wọn nílẹ̀ lọ́jọ́ náà, wọ́n tètè wálé.

Ìyá mi ló ní kí a mú wọn lọ sí Ṣangiṣa. Ibẹ̀ ni ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin ń gbé lọ́dọ̀ ọmọ wọn. Ìyá Ṣangiṣa ni à ń pè wọ́n. Ìyá kan náà ló bí àwọn àti bàbá mi. Yàtọ̀ sí bàbá mi, àwọn nìkan ló kù láyé nínú àwọn tó wà nínú agbo ilé lọ́jọ́ tí ìyá wọn kú. Wọ́n ti darúgbó, ojú wọn kò ríran dáadáa mọ́, ṣùgbọ́n iyè wọn ṣì pé. Àwa mẹ́rẹ̀ẹ̀rin la lọ.

Bí bàbá mi ṣe wọlé, wọ́n dọ̀bálẹ̀ gbalaja sórí kápẹ́ẹ̀tì, pẹ̀lú ìbàdí tó ń dùn wọ́n. "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ dárí jì mí. Kì í ṣe aláǹtakùn. Ejò ni. Èmi ni mo fi ẹnu mi pa ìyá wa."

Ìyá Ṣangiṣa tẹ̀ba lórí àga wọn. Wọ́n na ọwọ́ síwájú títí ọwọ́ wọn fi kan orí bàbá mi.

"Ta ló sọ fún ọ?" ni wọ́n béèrè.

Bàbá mi gbójú sókè. Kì í ṣe ìbéèrè tí wọ́n ń retí nìyẹn. Ẹni tí kò mọ̀ á ní, "Irú ọ̀rọ̀ wo lò ń sọ yìí?" Ẹni tó mọ̀ ló ń béèrè ẹni tó sọ.

"Ẹ mọ̀?"

"Gbogbo wa la mọ̀, ọmọ ìyá mi. Nígbà tí àwọn àgbà obìnrin ń wẹ̀ wọ́n ni wọ́n rí ojú eyín méjèèjì lẹ́yìn ọrùn ẹsẹ̀. Mo wà níbẹ̀, èmi ni mò ń bu omi. Wọ́n pe bàbá olóògùn ejò. Bó ṣe rí i, ó jókòó sílẹ̀, ó sunkún bí ọmọdé. Òun ló sọ pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ sọ fún ọ. Ìyá wa àgbà náà ní, 'Ẹnì kan ti kú. Ẹ má jẹ́ ká pa èkejì. Aláǹtakùn ni ọmọ yìí rí, ẹ jẹ́ kó máa jẹ́ aláǹtakùn.' Wọ́n mú kí gbogbo wa búra. Gbogbo wọn ti kú, kò sí èyí tó sọ. Èmi náà ti ń retí àtimú un lọ sí ọ̀run."

Kì í ṣe gbogbo ohun tí ojú bá rí ni ẹnu ń sọ. N kò tíì rí i kí bàbá mi sunkún bẹ́ẹ̀ rí. Wọ́n gbé orí lé itan ẹ̀gbọ́n wọn, arúgbó méjì, ìyá Ṣangiṣa ń fọwọ́ pa bàbá mi lórí, wọ́n ń fi oríkì tí ìyá wọn fi ń pè wọ́n kì wọ́n. N kò mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé bàbá mi ní oríkì bẹ́ẹ̀. Ìyá mi fà mí jáde. Bọ̀ọ̀dá mi ti wà níta ní tirẹ̀, ó kọjú sí ògiri.

A wọ kẹ̀kẹ́ padà sí Ìkòsí. Nígbà tí a ń sún mọ́ ilé, bàbá mi gbé ọwọ́ lé orúnkún bọ̀ọ̀dá mi. "Odidi agbo ilé ló pa ọ̀rọ̀ yìí mọ́ fún mi," ni wọ́n wí. "Ìwọ lo tú u. N kò bá ọ wí. O kò mọ̀." Ohùn wọn kò le. Wọ́n fẹ́ tù ú nínú ni, mo mọ̀ dájú. Ṣùgbọ́n bọ̀ọ̀dá mi kò gbé "N kò bá ọ wí" lọ sílé. "Ìwọ lo tú u" ló gbé lọ.

Ọkàn bàbá mi fúyẹ́ díẹ̀ lẹ́yìn èyí. Wọ́n tún bẹ̀rẹ̀ sí í tan rédíò. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, wọ́n ní kí bọ̀ọ̀dá mi gbé ike kan wá fún àwọn. Wọ́n ṣí i fúnra wọn. Aláǹtakùn náà jókòó sẹ́nu ihò rẹ̀, wọ́n sì tẹ̀ba wò ó pẹ́ títí. "Ìwọ yìí ni mo ti ń sá fún," ni wọ́n sọ fún un. "Mo ti pa púpọ̀ nínú yín. Ẹ kò ṣe mí ní nǹkan kan." Wọ́n wá ní kí bọ̀ọ̀dá mi dá wọn padà sí pápá tí ó ti kó wọn wá, nítorí pé ilẹ̀ Èkó tutù jù fún wọn. Ó kó wọn padà lóòótọ́.

Bàbá mi kú nígbà òjò tó tẹ̀ lé e. Àwọn dókítà ní ẹ̀jẹ̀ ríru ni. Bọ̀ọ̀dá mi wà ní ilé ìwé, òjò ti ba ojú ọ̀nà jẹ́, a kò sì lè dá òkú Mùsùlùmí dúró. Nígbà tó dé, erùpẹ̀ orí sàréè ti ń gbẹ. Ìyá Ṣangiṣa ní kí ó wá jókòó ti àwọn. Wọ́n bá a sọ̀rọ̀ pẹ́, n kò mọ ohun tí wọ́n sọ, kò sì sọ ọ́ fún mi títí dòní. Ó parí ìwé rẹ̀, ó sì yege dáadáa. Àwọn olùkọ́ rẹ̀ fẹ́ kí ó tẹ̀síwájú lórí aláǹtakùn yẹn, pé ìmọ̀ rẹ̀ ṣọ̀wọ́n. Ó kọ̀. Ìṣirò ló ń kọ́ àwọn ọmọ ilé ìwé báyìí ní ìlú kan tó jìnnà sí wa. Ó ní ìṣirò kì í ní ìyá.

Mo ti rò ó títí, n kò tíì rí ẹni tí mo lè dá lẹ́bi. Ọmọdé sọ ohun tó rí. Àwọn àgbà fi àánú bo ọmọdé. Ọmọ fẹ́ mú ẹ̀rù kúrò lọ́kàn bàbá rẹ̀. Wọ́n ní òtítọ́ korò, mo gbà. Ṣùgbọ́n ẹni tó pa òwe yẹn kò sọ fún wa bóyá ó yẹ kí a máa fún ẹni tí kò béèrè.

Ìyá Ṣangiṣa àti ìyá mi ti lọ. Bọ̀ọ̀dá mi wá kí mi nígbà ọdún Iléyá tó kọjá. Ó jókòó sínú ṣọ́ọ̀bù mi ní Ketu, mò ń di irun fún ọmọbìnrin mi, ọmọ náà sì ń béèrè nípa àwọn ìyá ńlá wa lọ́kọ̀ọ̀kan bí àwọn ọmọdé ṣe máa ń ṣe. Ó dé orí ìyá bàbá mi.

"Mummy, kí ló pa wọ́n?"

"Ejò ni," mo dáhùn. Bọ̀ọ̀dá mi gbé ojú sókè.

"Ta ló wà lọ́dọ̀ wọn níbẹ̀?"

Mo fi ìyarun ya irun rẹ̀ sí méjì. "Àwọn nìkan ni," mo ní. "Kò sí ẹnì kankan lọ́dọ̀ wọn."

Ọmọ náà ní ó mà ṣe o. Bọ̀ọ̀dá mi wò mí. Ó sún àga rẹ̀ mọ́ ọ̀dọ̀ wa, ó gba òwú ìdirun lọ́wọ́ ọmọ náà, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í bá mi gé e.